Ara ọmọ ọjọ́ 9 gbóná dé 38.2: ṣé ká dúró di àárọ̀ àbí ká gbé e lọ lóru yìí?

Ìyá Àkọ́bí

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá. Ọ̀rọ̀ mi kánjú díẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọjọ́ 9 lónìí. Oṣù rẹ̀ pé kí n tó bí i, kò sì sí wàhálà kankan lọ́jọ́ ìbí. Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń kíyè sí i pé ara rẹ̀ móoru ju bó ṣe máa ń rí lọ. Mo fi tẹmómítà onínọ́ńbà sí i lábíyá, ó gbé 38.2 jáde. Mo bọ́ aṣọ kan kúrò lára rẹ̀, mo ṣe sùúrù díẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n: 38.1. Ó ṣì ń mu ọmú, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń jọ̀wọ́ rẹ̀ tó sì ń sùn padà. Kò wúkọ́, kò bì.

Ìyá ọkọ mi ní aṣọ tí mo dì fún un ló pọ̀. Ọkọ mi ní ká fún un ní paracetamol olómi díẹ̀, ká wo bó ṣe máa rí tílẹ̀ bá mọ́. Èmi ò mọ èyí tí ǹ bá tẹ̀lé. Ṣé 38.2 tó ohun tí wọ́n ń gbé ọmọ jáde lóru fún?

Àdùkẹ́ Olómọyọyọ

Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tuntun lóru yìí. Ẹ lè padà wá ka ìyókù tẹ́ ẹ bá ti wà lọ́nà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ kú ọwọ́ lómi, ìyá ọmọ. Wọ́ọ̀dù àwọn ìkókó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 28, 38°C ni ààlà. Kì í ṣe 39, kì í sì í ṣe ìgbà tí ara rẹ̀ bá ń jó èèyàn lọ́wọ́. Tó bá ti kan 38, dókítà gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà, lóru náà, bó ti wù kí ó máa mu ọmú dáadáa tó. Ti yín tún le sí i nítorí abíyá ló ti jáde, abíyá sì sábà máa ń fi nọ́ńbà tó rẹlẹ̀ ju ti inú ara hàn.

Ẹ bá mi bẹ bàbá ọmọ kí wọ́n gbé paracetamol yẹn pa mọ́. Kò sí dókítà tó máa ní kí wọ́n lo ó fún ọmọ tó kéré báyìí láìtíì rí i. Ó lè rọ ìgbóná náà sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, ọkàn gbogbo yín á balẹ̀, ohun tó ń fa ìgbóná á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò sì tíì lè kojú oògùn bí ti ọmọ tó ti dàgbà, ìwúwo rẹ̀ ni wọ́n fi ń pín ín. Ibuprofen àti aspirin kò tiẹ̀ bá a tan rárá.

Ẹ má fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, ẹ má fi sípíríìtì pa á lára. Awọ ìkókó máa ń fa sípíríìtì wọlé, ó sì lè sọ ọ́ di ẹni tí kò mọ nǹkan mọ́. Ẹ má fún un lómi mu pẹ̀lú. Ọmú nìkan, nígbàkigbà tó bá fẹ́.

Aṣọ fẹ́lẹ́ kan àti ìborùn kan ti tó o lọ́nà. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì tẹ́ ẹ rí sílẹ̀ àti aago tẹ́ ẹ rí wọn. Ẹ mú káàdì ìbí rẹ̀ dání, ẹ mú ìlédìí, kẹ́ ẹ sì rántí oògùn tí ẹ̀yin fúnra yín lò nínú oyún àti lẹ́yìn ìbí, nítorí wọ́n máa bi yín.

Tẹ́ ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ọkọ̀ pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ pè: tó bá kọ ọmú pátápátá, tí ara rẹ̀ bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tí kò mira àfi tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, tí mímí rẹ̀ bá dé 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọnú bó ṣe ń mí, tí ètè rẹ̀ bá dúdú, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá wú sókè nígbà tí kò sunkún, tàbí tí gìrì bá mú un.

Bàbá Méjì

Ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é o. Kẹ́ ẹ má kó ìpayà bá ìyá ìkókó tí kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tó ti bímọ. Ara àkọ́bí tèmi náà gbóná lọ́sẹ̀ kejì, a tú aṣọ lára rẹ̀, a ṣí fèrèsé, kò tó wákàtí kan tó fi tutù. Kò sí oògùn, kò sí abẹ́rẹ́. Ọmọ tuntun kì í lè tètè dá ooru ara rẹ̀ dúró, bí yàrá bá móoru yóò móoru. Àti pé ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ kún fún àrùn. Ìwọ̀nba ohun tí màá ṣe ni pé màá tú aṣọ, màá dúró wákàtí méjì, lẹ́yìn náà màá wá pinnu.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Bàbá, òótọ́ wà nínú ohun tẹ́ ẹ sọ. Ọmọ tí wọ́n dì lé ara wọn lè móoru lóòótọ́. Àmọ́ ìyá yìí ti tú aṣọ, ó ti tún wọ̀n ọ́n, ó ṣì ju 38 lọ. Àyẹ̀wò tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, ó ti ṣe é.

Aṣọ àdìjù sábà máa ń gbé ọmọ dé 37.6 tàbí 37.8. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ló rí, tí ọmọ ń mu ọmú dáadáa, màá gbà pé kó tú aṣọ, kó sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 30. Tó bá ti kan 38 pẹ́rẹ́, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó ṣọ́ aago. Kódà tó bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tú aṣọ, ẹ pe dókítà, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Oníṣègùn Ọmọdé

Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì múlẹ̀, kí n sì dáhùn ohun tó wà lọ́kàn Bàbá Méjì, torí àwọn òbí tó ń rò ó bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ọmọ ọdún méjì lè gbóná dé 39.5 kó máa sáré kiri ilé. Fáírọ́ọ̀sì lásán ló sábà máa ń jẹ́, a ó sì ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ nílé. Ọmọ ọjọ́ 9 kò ní àyè yẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ara rẹ̀ fi ń bá àrùn jà, ara ìyá rẹ̀ ló ti bá a wá, nípasẹ̀ ibi. Tirẹ̀ gan-an kò tíì dàgbà. Kòkòrò tó wọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ lè gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kó ti inú ẹ̀jẹ̀ dé awọ tó bo ọpọlọ, kí gbogbo rẹ̀ má ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ohun tó sì ń dẹ́rù ba àwa dókítà ni pé ojú kì í tètè rí i. Ọmọ tí àrùn ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè kàn máa sùn. Ọrùn tó le gbagidi, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àrùn awọ ọpọlọ, a kì í sábà rí i lára ìkókó.

Nínú ọmọ mẹ́wàá tó bá ní ibà láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, nǹkan bí ẹyọ kan ni bakitéríà tó lágbára máa ń wà lára rẹ̀, ìtọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ibi tí wọ́n ti ń rí i. Èyí túmọ̀ sí pé mẹ́sàn-án á dára lọ́wọ́ ara wọn, bí ọmọ Bàbá Méjì ṣe dára. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà nínú mẹ́sàn-án náà lẹ máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fáyé gbọ́. Kò sí ẹni tó lè dúró lójú ilẹ̀kùn kó fi ojú yan ẹnì kẹwàá.

Ìdí nìyẹn tí ìlànà fi le. Èyí tí American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2021 sọ pé ọmọ ọjọ́ 8 sí 21 tó bá ní 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀, bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ yá lójú, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ omi ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn sínú iṣan, kí wọ́n sì dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ 22 lọ ni àyè díẹ̀díẹ̀ ti ń ṣí sílẹ̀. Ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà ka ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó bá ní 38 mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ńlá.

Ní ti àrùn inú ilé ìwòsàn, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ fọ tirẹ̀, ẹ sọ lẹ́nu ọ̀nà pé ọmọ ọjọ́ 9 ni kí wọ́n má fi yín sáàárín èrò.

Ìyá Àkọ́bí

A ti wà nínú ọkọ̀. Ọkọ mi ló ń wa ọkọ̀, ìyá ọkọ mi ń bá wa bọ̀. Wọ́n kàwé dókítà yẹn, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, omi ẹ̀yìn tí wọ́n dárúkọ yẹn. Wọ́n máa gún ọmọ mi lọ́pàá ẹ̀yìn ni? Mo ti gbọ́ pé ó máa ń rọ ọmọ lẹ́sẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Wọ́n gbà á lára Kẹ́hìndé tèmi nígbà tó wà ní ìkókó. Wọ́n fi oògùn tí kì í jẹ́ kó dùn ún pa ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ká a kò bí ẹni pé ó ṣì wà nínú oyún, dókítà sì fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gba ẹ̀kán omi díẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti tán. Ìká tí wọ́n ká a kò yẹn ló bí i nínú ju abẹ́rẹ́ lọ, igbe tó ké nìyẹn. Wọ́n lẹ bándéèjì kékeré mọ́ ọn, mo sì gbé e sáyà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní yóò rọ yẹn ló fi ń gba bọ́ọ̀lù lónìí.

Wọ́n lè ní kó o jáde kí wọ́n tó ṣe é. Tí o kò bá lè wò ó, jáde. Tó o bá fẹ́ dúró, sọ fún wọn. Èmi jáde.

Oníṣègùn Ọmọdé

Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́ tán. Kí n kàn fi kún un pé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, nítòsí ìbàdí, ni abẹ́rẹ́ náà ń gbà, nísàlẹ̀ ibi tí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí. Omi àti àwọn fọ́nrán iṣan tó léfòó nínú rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí a fi lè mọ̀ bóyá àrùn ti dé awọ ọpọlọ, ìyẹn ló sì máa sọ bí oògùn yóò ṣe lágbára tó àti bí yóò ṣe pẹ́ tó.

Ìtọ̀ náà, ọ̀pá róbà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi gbà á. Ẹ má bínú sí wọn nítorí ẹ̀. Àpò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìta máa ń kó kòkòrò ara awọ mọ́ ọn, èsì á wá dàrú.

Wọ́n á bi yín léèrè ọ̀rọ̀ tó lè dà bí ohun tí kò kàn wọ́n: ṣé ara yín gbóná nígbà ìrọbí? Ṣé omi yín ti fọ́ ju wákàtí 18 lọ kẹ́ ẹ tó bí i? Ṣé wọ́n rí kòkòrò Streptococcus oríṣi B lára yín nínú oyún? Ṣé egbò kankan wà lójú ara tàbí lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó ń gbé ọmọ? Ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀ láìtijú. Èyí tó kẹ́yìn yẹn kan herpes, fáírọ́ọ̀sì kan tó máa ń fa irú egbò bẹ́ẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n lára ọmọ tuntun ó burú púpọ̀, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti bakitéríà. Àwọn ìyá kan kì í tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà lára àwọn.

Ohun kan tó ṣe pàtàkì nìyí. Bí ara rẹ̀ bá ti tutù kẹ́ ẹ tó dé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín padà sílé tìtorí ìyẹn. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ rí nílé láàárín wákàtí 24 sẹ́yìn wúlò bí èyí tí wọ́n máa rí níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ketekete: 38.2, abíyá, aago báyìí, kò lo oògùn kankan.

Olùṣirò

Ẹ forí jì mí tí mo bá ń já ọ̀rọ̀ yín. Ìyàwó mi máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀, mo ti ra tẹmómítà tí wọ́n ń nà sí iwájú orí. Ṣé ó tó? Mo rí ibi tí wọ́n ti ní ihò ìdí nìkan ló pé, mo tún rí ibi tí wọ́n ti ní kéèyàn má dán an wò.

Àdùkẹ́ Olómọyọyọ

Ẹ ra onínọ́ńbà lásán tó lẹ́nu rírọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ti iwájú orí yẹn fún àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè. Láàárọ̀ ó ní 36.1, lọ́sàn-án lórí ọmọ kan náà ó ní 37.9, àṣé atẹ́gùn fáànù ló ń fẹ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Àǹtí Àdùkẹ́ le jù 😄 Ti iwájú orí wúlò láti fi yára wò ó. Tó bá ní nǹkan ń ṣe, ẹ fi òmíràn jẹ́rìí sí i. Ti inú etí ni kẹ́ ẹ má lò rárá fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ihò etí rẹ̀ ti kéré jù.

Òótọ́ ni pé ẹnu kò kò lórí ọ̀rọ̀ abíyá àti ihò ìdí. Ní Amẹ́ríkà, ihò ìdí ni wọ́n fọkàn tán fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, torí òun ló sún mọ́ ooru inú ara jù. NICE ní tirẹ̀ ní abíyá ni kí wọ́n máa lò, onínọ́ńbà, fún ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èrò tèmi ni pé kí òbí máa lo abíyá nílé, kó sì mọ̀ pé ó máa ń yọ díẹ̀ kúrò nínú òótọ́. Tí abíyá bá ti ju 37.5 lọ, ó yẹ kí ara ẹni wà lójúfò.

Ẹ nu abíyá náà kó gbẹ. Ẹ fi ẹnu tẹmómítà sí àárín gan-an, kó kan awọ, kó má kan aṣọ. Ẹ di apá ọmọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi dún. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìborùn tó nípọn, ẹ fún un ní bí ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ihò ìdí, kó fi fásẹ́líìnì pa ẹnu rẹ̀, kó má tì í kọjá sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀, kó má fi agbára tì í, kó sì kọ ọ́ sí i lára pé ti ìdí ni. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tàbí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún níbẹ̀, ẹ má dán an wò.

Tẹmómítà onímẹ́kúrì tó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ìyá yín àgbà, ẹ má gbé e súnmọ́ ọmọ. Àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí mẹ́kúrì, ti ní kí wọ́n dẹ́kun ṣíṣe wọn láti 2020. Tó bá fọ́, májèlé ni.

Màmá Àgbà

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, tí ara ọmọ bá ti gbóná, a máa ń ní eyín ló ń bọ̀. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ kú alẹ́ mà. Eyín àkọ́kọ́ sábà máa ń yọ lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, torí náà ti ọmọ ọjọ́ 9 kò lè jẹ́ eyín rárá. Kódà nígbà tó bá ń yọ, kì í gbé ara ọmọ dé 38.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìhà kejì, torí gbogbo wa ń pariwo gbígbóná. Táíwò mi, oṣù méjọ ni wọ́n bí wọn, kò gbóná rárá nígbà tí àrùn mú un. Ńṣe ló tutù. Ẹsẹ̀ tutù, ikùn náà tutù, kò fẹ́ jí mu ọmú. Mo rò pé yàrá ló tutù. Nọ́ọ̀sì tó wá bẹ̀ wá wò wọ̀n ọ́n, ó ní ká gbéra.

Oníṣègùn Ọmọdé

Ẹ ṣeun, ìyá. Ìkókó kì í gbọ̀n bí àgbàlagbà ṣe ń gbọ̀n nínú òtútù. Ọ̀rá pàtàkì kan tó wà léjìká àti lẹ́yìn rẹ̀ ló ń jó láti fi móoru, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò sì ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí àrùn bá dé, ooru lè wálẹ̀ dípò kó gòkè. Èyí tó dára lára ọmọ tuntun wà láàárín 36.5 àti 37.5. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka èyí tó bá wálẹ̀ ju 35.5 lọ mọ́ àmì àrùn ńlá, bí wọ́n ṣe ka 38. Tó bá ti ń rẹlẹ̀ ju 36.5, ẹ gbé e sáyà, ara mọ́ ara, ẹ fi ìborùn bo ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dé fìlà fún un. Tí kò bá gbéra sókè, tàbí tó bá kọ ọmú, ọ̀nà ilé ìwòsàn náà ni.

Bàbá Méjì

Mo ti gbọ́ ti 38, kò burú. Àmọ́ gìrì ńkọ́? Ìyá mi máa ń sọ pé tí wọn ò bá tètè rọ ìgbóná sílẹ̀ gìrì yóò mú ọmọ. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìdí láti fún un ní nǹkan kí wọ́n tó jáde nílé?

Oníṣègùn Ọmọdé

Gìrì tí ìgbóná lásán máa ń fà, ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ló máa ń ṣe. Tí gìrì bá mú ọmọ tuntun, ẹ má fi orúkọ ìgbóná pè é. Nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀: àrùn awọ ọpọlọ, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tó wálẹ̀, herpes. Kò sì jọ gìrì tí a mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ kàn ń jẹ ẹnu rẹ̀ láìdúró, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́, tí ojú rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí kò padà, tàbí tí mímí rẹ̀ dúró díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá di ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n náà mú tó sì dákẹ́, ìgbọ̀nrìrì lásán ni. Tí kò bá dákẹ́, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì, kí ẹnì kan sì ká fídíò rẹ̀ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Paracetamol kì í dá èyíkéyìí nínú rẹ̀ dúró.

Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àìtó omi ọmú náà lè fa ìgbóná? Ní ọjọ́ kẹta, ara ọmọ mi gbóná, wọ́n ní kò rí ọmú mu tó.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ó lè fà á, pàápàá láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, kí ọmú tó dé dáadáa. Ẹ máa wo ìlédìí. Láti ọjọ́ karùn-ún, ó yẹ kó tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 24. Tí ìtọ̀ bá pọ́n, tí ẹnu gbẹ, tí ìwúwo rẹ̀ bá fi ju ìdá mẹ́wàá lọ sílẹ̀ sí ti ọjọ́ ìbí, kò rí mu tó nìyẹn. Àmọ́ nílé kọ́ ni wọ́n ti ń dá ìyẹn mọ̀ yàtọ̀ sí àrùn. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ga débi tó máa nílò ìtọ́jú fúnra rẹ̀.

Ìyá Àkọ́bí

Ẹ kú àdúrótì o. Wọ́n dá wa dúró. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n níbí, 37.4 ló rí, ẹni tó kọ́kọ́ gbà wá sì ti ń sọ pé bóyá ká padà wá láàárọ̀. Mo sọ ohun tí dókítà kọ síbí gẹ́lẹ́, mo fi ìwé tí mo kọ aago sí hàn án, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti omi ẹ̀yìn. Èmi dúró wò ó. Wọ́n ti so oògùn mọ́ ọn lọ́wọ́, ampicillin àti gentamicin. Èsì àkọ́kọ́ fi hàn pé àrùn wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Omi ẹ̀yìn mọ́ títí di báyìí, wọ́n ní kí a máa retí èyí tí wọ́n gbìn.

Ṣé ó máa ń pẹ́ kí ti gbígbìn yẹn tó jáde?

Oníṣègùn Ọmọdé

Ọpẹ́ ni. Wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ àti omi ẹ̀yìn náà sínú ohun tí kòkòrò lè hù nínú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó bá wà níbẹ̀ máa ń hù láàárín wákàtí 24 sí 36, torí náà oògùn náà yóò máa lọ títí dìgbà yẹn, ó kéré tán. Ti ìtọ̀, *Escherichia coli* ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá dá wọn lójú pé ìtọ̀ ni, iye ọjọ́ oògùn á yí padà, wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ aláwòrán wo kíndìnrín rẹ̀ bóyá ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ní ibi tó dí. Ẹ bi wọ́n léèrè ìyẹn kẹ́ ẹ tó lọ sílé.

Bàbá Méjì

Ọlọ́run ṣeun. Wákàtí méjì tí mo dá yẹn, èmi náà kò ní dúró níbi tí 38 bá ti jáde. Ọ̀rọ̀ ti 37.7 ni màá ṣì máa bá yín jà lé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Lórí 37.7, bàbá, ọ̀rẹ́ ni wá 😄

Ìyá Àkọ́bí

Tí a bá délé, ṣé kí n máa wọ̀n ọ́n ní wákàtí wákàtí? Àti pé ṣé ààlà 38 yìí ṣì máa wà lẹ́yìn tó bá pé ọjọ́ 28? Wọ́n máa fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tó bá yá, mo sì gbọ́ pé ìyẹn ń mú ara gbóná.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

38 ṣì wà níbẹ̀ títí yóò fi pé oṣù mẹ́ta. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé bó ṣe ń dàgbà, kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò ni wọ́n á máa ṣe fún un. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lè mú ara rẹ̀ gbóná láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ bi nọ́ọ̀sì tó fún un bóyá ó lè lo paracetamol àti iye tó bá ìwúwo rẹ̀ mu, kẹ́ ẹ má fi ojú díwọ̀n. Tó bá kọ ọmú tàbí tó rẹ̀ ẹ́ jù, ẹ má dì í lé abẹ́rẹ́ náà lórí.

Ní ti wákàtí wákàtí, rárá o. Ẹ wọ̀n ọ́n bí ilé ìwòsàn bá ní kẹ́ ẹ ṣe é, tàbí nígbà tí àyà tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbóná lọ́wọ́ yín, nígbà tó bá ń kọ ọmú, tàbí tó ṣòro láti jí. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò ṣeé fi mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń tutù lásán. Tó bá ń mu ọmú tó sì ń tọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ̀yin náà ẹ sùn. Oògùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò tán, kódà bí ara rẹ̀ bá ti dá ṣáká lọ́jọ́ kejì.